Ohùn Tí Kò Ti Ẹnu Hope Jáde

Ohùn Hope ni. Ẹni tó bá ti ra ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ rí ní Ẹ̀gbẹ́dá kò ní jiyàn rẹ̀. Ohùn tó rọ̀, tó máa ń fà díẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá ń parí lọ, ló ń jáde láti inú fóònù tó wà lórí àga:

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ má da ara yín láàmú mọ́. Ìpara Ẹwàdùn ń wo làpálàpá, ó ń wo èélá, ó ń wo egbò ara ọmọdé. Ẹ da oògùn ọsibítù nù. Ìjọba ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i pé ó ń wo àrùn. Ẹ fi pa ọmọ yín láàárọ̀, ẹ fi pa á lálẹ́, ara rẹ̀ á sì jọ̀lọ̀ bí ara ọmọ tuntun."

Bàrákàt Agboọlá ní kí fóònù náà tún un sọ. Etí ọ̀tún ló gbé sún mọ́ ọn. Etí òsì ti di láti ọjọ́ tí ìbọn dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, àwọn aráàlú kò jẹ́ kó sinmi. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ti ta kókó ní Alimọṣọ, ẹnì kan á ní kí wọ́n lọ bá Bàrákàt ní Egan.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fi Ọlọ́run búra, n kò sọ ọ̀rọ̀ yìí rí láyé mi," ni Hope wí.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n jókòó sí, nítorí pé inú kò ṣeé wọ̀. Àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ oúnjẹ, oògùn àti ìpara ti lẹ bébà pupa mọ́ ilẹ̀kùn. Àwọn oníbàárà tó ń kọjá ń wo Hope láwòjìn, wọn kò kí i.

"Orí pèèjì tìrẹ ni fídíò náà ti jáde?"

"Orí pèèjì mi ni, mà. Kí n tó rí i kí n tó pa á rẹ́, ó ti dé gbogbo ìta. Obìnrin kan ní Ìgàńdó, Fẹ́kọ́mi lorúkọ rẹ̀, ó gbọ́ ọ, ó da oògùn ọmọ rẹ̀ nù, ó wá ń fi ìpara mi kun egbò ọmọ náà. Ọmọ ọwọ́ ni o! Ìpara àgbàlagbà tó ní lọ́fínńdà nínú! Ara ọmọ náà bó. Ó wà ní ọsibítù báyìí." Ẹkún gbà á lẹ́nu. "Ìnsípẹ́kítọ̀ Festus, ọlọ́pàá tó ní kí n sun àgọ́ wọn, ní bí n kò bá rí ẹni tó ṣe é fi hàn, èmi náà ni òun ó gbé lọ sí kóòtù."

"Ta ló máa ń ṣe ìpolówó fún ọ?"

"Ẹ̀rọ AI ni mo ń lò."

Bàrákàt ti gbọ́ nípa rẹ̀ dáadáa. Ọgbọ́n àtọwọ́dá ni, ó ń bá ènìyàn kọ̀wé, ó ń yàwòrán, ó sì lè sín ohùn ènìyàn jẹ débi pé ìyá olóhùn gan-an á dáhùn.

"Ẹ̀rọ kò dá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí pèèjì rẹ, Hope. Ta ló ń bá ọ tẹ̀ ẹ́?"

"Promise ni tẹ́lẹ̀. Ìjà la fi pínyà. Ó sì mọ páásíwọ́ọ̀dù mi."

"Ta ló máa jẹ èrè rẹ̀ bí ṣọ́ọ̀bù yìí bá tì pa?"

"Charles ní Akówọnjó," ni Hope wí, kò tilẹ̀ rò ó. "Òun nìkan la jọ ń du oníbàárà."

Bàrákàt dìde, ó so gèlè rẹ̀ le.

* * *

Yàrá kékeré kan lókè ilé ìtẹ̀wé ní ibùdókọ̀ Pleasure ni Promise ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tó ń wo kọ̀ǹpútà láti òwúrọ̀. Kò dìde nígbà tí Bàrákàt wọlé, àmọ́ nígbà tó gbọ́ ohun tó bá wá, ó fa ìjókòó fún un.

"Mà, mo ti ń retí ọlọ́pàá láti ìjẹta. Gbogbo ayé ló ní èmi ni."

"Ṣé ìwọ kọ́?"

"Èmi kọ́! Ẹ wá wo nǹkan." Ó yí kọ̀ǹpútà sí i. "Ẹ̀rọ tí mo fi ń bá Hope ṣiṣẹ́ rèé. Mo ti kọ́ ọ ní gbogbo òfin àjọ. Mo ní ìpara ni à ń tà, a kò ta oògùn. Ẹ wò ó o." Ó tẹ̀ ẹ́ pé kí ẹ̀rọ náà kọ ìpolówó pé ìpara kan ń wo làpálàpá. Ẹ̀rọ kò kọ ọ́. Ohun tó kọ padà ni pé ìpara ẹ̀ṣọ́ kò gbọdọ̀ ṣèlérí ìwòsàn, pé kí wọ́n kúkú sọ pé ó ń mú awọ ara rọ̀, kí wọ́n sì fi ìpolówó náà han àjọ kí ó tó jáde.

Bàrákàt rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ̀rọ yìí mọ òfin ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ."

"Ṣé ẹ rí i? Ó ti gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n láìmọye ìgbà. Òun náà ló sọ Hope di ẹni tí wọ́n mọ̀. Ìgbà tí mo bá a, àdúgbò rẹ̀ nìkan ló ń tà fún. A bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá polówó, a fi Ìgbò, a fi Hausa, ni ọjà bá ń lọ dé Ìbàdàn."

"Bí mo bá wá lọ bá ẹ̀rọ mìíràn, tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ lófin ńkọ́?"

Promise gbé èjìká sókè. "Ohun tí ẹ bá ní kó kọ náà ló máa kọ. Ibẹ̀ ni ewu rẹ̀ wà, mà. Ẹ̀rọ kì í lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló ń lọ."

"Kí ló dé tí o fi kúrò lọ́dọ̀ Hope?"

"Ó gbé fọ́tò kan wá. Obìnrin kan. Ó ní kí n jẹ́ kí AI fi àpá àti egbò kún ojú rẹ̀, kí a wá gbé fọ́tò gidi náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó dà bí ẹni pé Ẹwàdùn ló wò ó. Mo ní irọ́ ni, òfin kò fẹ́ ẹ. Ó ní òun lọ̀gá. Mo bá tèmi lọ, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é."

"Ta ni obìnrin náà?"

"Kò sọ fún mi jàre. Èmi náà kò bèèrè."

Bàrákàt ní kó kọ gbólóhùn Yorùbá kan ránṣẹ́ sórí fóònù òun. Promise ṣe é kíá. Kò sí àmì ohùn kan ṣoṣo lórí rẹ̀.

"O kì í fi àmì sí i ni?"

"Ta ló ráyè àmì, mà? N ò tiẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́."

* * *

Charles kò fara balẹ̀ rárá. Láàárín ọjà Akówọnjó ló ti rí Bàrákàt tó ń bọ̀, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Madam, no be me o! See my own page, I don comot everything."

Òótọ́ ni. Gbogbo ìpolówó ara rẹ̀ ló ti pa rẹ́. Ẹ̀rù kan náà tó ba Hope ló ń ba òun náà, nítorí AI ló fi ń ṣe tirẹ̀, kò sì dá a lójú bóyá òun náà ti ṣèlérí ohun tí kò yẹ.

"Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà Hope ti ń wá sọ́dọ̀ rẹ," ni Bàrákàt wí.

"Wọ́n ń wá? Madam, wọn kò wá o. Wọ́n ń sá fún gbogbo wa." Ó na ọwọ́ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó dá páropáro. "Bí wọ́n bá rí ìpara báyìí, wọn á ní ó ń pa ọmọ."

"Ṣé Ẹwàdùn lè wo èélá?"

"Wo kí ni?"

"Èélá."

Charles wo ẹnu rẹ̀. "Which one be that?"

Ọmọ Warri ni, Yorùbá ọjà ló gbọ́. Bàrákàt kí i pé ó dàbọ̀. Ẹni tó kọ ìpolówó náà mọ àrùn awọ ara lórúkọ, ó sì to ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ti ń bá àwọn ìyá Yorùbá sọ̀rọ̀ tipẹ́. Charles kọ́ yìí.

* * *

Ní ọsibítù, Fẹ́kọ́mi kò gbé ojú sókè. Ọmọ rẹ̀, Ayọ̀, sùn sí iwájú rẹ̀, wọ́n fi báńdéèjì wé e ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ọrùn. Bí ọmọ náà bá ti mí sókè, ìyá rẹ̀ á na ọwọ́, á tún fà á padà, bí ẹni tó ń bẹ̀rù ọwọ́ ara rẹ̀.

"Wọ́n ní kí n má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀," ló wí.

"Ẹ má sọ ohunkóhun tí kò wù yín, ìyá Ayọ̀. Mo kàn fẹ́ mọ ìdí tí ẹ fi gbà á gbọ́ ni."

"Àǹtí Hope ni mo ti ń ra ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo mọ ohùn rẹ̀. Ẹ ò rí i, àwọn ìpolówó rẹ̀ àtijọ́, a máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín ni nílé wa. Á ní Ẹwàdùn ń mú *àrá* yín dán, bí ẹni pé à ń fi ìpara pa Ṣàngó. Á ní *ọkọ́* yín á mọ iyì yín, bí ẹni ń bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀. A mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Ṣùgbọ́n eléyìí..." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Eléyìí dún bí ènìyàn. Kò ṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Mo ní, áà, lọ́tẹ̀ yìí òun fúnra rẹ̀ ló ń bá wa sọ̀rọ̀."

Bàrákàt dìde dúró láìmọ̀. Ó di ọwọ́ obìnrin náà mú, ó sì ṣàdúrà fún ọmọ rẹ̀ kí ó tó jáde.

Lẹ́yìn tó jáde, ó dúró lábẹ́ igi kan nínú ọgbà ọsibítù, ó gbọ́ àwọn ìpolówó àtijọ́ tí Hope ti fi ránṣẹ́ sí i, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. *Àrá* yín. *Ọkọ́* yín. Ó tún gbọ́ èyí tó burú náà. Làpálàpá. Èélá. Egbò ara. Gbogbo ohùn dúró síbi tó yẹ.

Ẹ̀rọ kan náà lè sọ méjèèjì. Bí ènìyàn bá kọ "ara" láìsí àmì, ẹ̀rọ á méfò, á sì ṣì í pè. Bí ènìyàn bá fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ á pè é bó ṣe yẹ. Hope kì í fi àmì sí i. Promise kò mọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ṣe fídíò yìí kò lè kọ Yorùbá láìfi àmì sí i. Ó ti mọ́ ọn lára ni.

Ó wá tún wo fídíò náà, lọ́tẹ̀ yìí ó pa ohùn rẹ̀, ó fi ojú nìkan wò ó. Gbogbo fọ́tò oníbàárà tó wà lórí pèèjì Hope ni ẹni náà tò sínú rẹ̀. Gbogbo wọn, àfi ẹyọ kan. Obìnrin tí ojú rẹ̀ kún fún àpá, tó sì wá ń rẹ́rìn-ín nínú èkejì pẹ̀lú ojú tó dán, tí èjí rẹ̀ hàn gbangba. Fọ́tò tó lágbára jù lọ lórí pèèjì náà ni, ẹni tó ń wá irọ́ pa kò sì mú un.

Bàrákàt pe Hope. "Obìnrin eléjí inú fọ́tò yẹn, ta ni?"

"Kì í ṣe ènìyàn, mà. AI ló yà á." Ìdáhùn náà yá jù.

"Ó dáa. Ta ló máa ń bá ọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù?"

"Kò sí ẹnì kankan, àfi Matilda. Ọ̀rẹ́ mi ni láti kékeré, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la ń lọ. Bí èrò bá ya wọlé, òun ló ń bá mi di fóònù mú."

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Tíṣà ni. Yorùbá ló ń kọ́ wọn ní Ìkòtún."

Bàrákàt gba nọ́ńbà rẹ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ ṣókí ránṣẹ́ pé òun fẹ́ wá kí i. Kò pẹ́ tí èsì dé: *Ẹ káàsán, mà. Mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìgàńdó. Ẹ máa bọ̀, mo ń retí yín.* Gbogbo àmì ló wà níbẹ̀, kò fo ọ̀kan.

* * *

Nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, Matilda wọ sùtánà funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní bàtà, ó ń to àga ìsìn ìrọ̀lẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí Bàrákàt, ó sì rẹ́rìn-ín. Èjí rẹ̀ hàn.

Bàrákàt kò dá ẹ̀rín náà padà. Ó jókòó, ó gbé fóònù lé orí ẹsẹ̀, ó ṣí fọ́tò náà síwájú rẹ̀.

"Wọ́n ní ẹ̀rọ ló yà á," ló wí jẹ́jẹ́. "Ṣùgbọ́n ìwọ nìyí, tíṣà."

Ẹ̀rín kúrò lójú Matilda. Ó wo fọ́tò náà títí, bí ẹni tó ń wo òkú.

"Ṣé Hope ló sọ fún yín?"

"Hope ní kì í ṣe ènìyàn."

"Ó ní kì í ṣe ènìyàn." Matilda tún un sọ, ó sì rọra jókòó sílẹ̀. "Fọ́tò ọjọ́ ìbí mi ni, mà. Òun fúnra rẹ̀ ló yà á. N kò mọ̀ pé ó ti gbé e síta. Nínú kíláàsì ni mo ti gbọ́, àwọn ọmọ ń sọ pé ẹ̀tẹ̀ ti bá tíṣà àwọn jà rí. Ọmọ mi Àyìnkẹ́ ní àfẹ́sọ́nà, Gideon, ọmọ Egan. Wọ́n ti fẹ́ wá tọrọ rẹ̀. Bàbá Gideon rí fọ́tò náà, ó ní àwọn kò lè gbé àrùn awọ ara wọ ìdílé àwọn. Wọn kò padà wá."

"O sọ fún Hope?"

"Mo kúnlẹ̀ fún un! Mo ní kó yọ ọ́, kó wá bá mi sọ fún wọn pé irọ́ ni. Ó ní fọ́tò náà ló ń mú ọjà lọ, pé bí òun bá yọ ọ́ báyìí, ayé á mọ̀ pé òun purọ́. Ó ní kí n má bínú, pé òun kọ́ ló fi àpá sí mi lójú, AI ni." Ó fọwọ́ lu àyà. "Èmi tí mo gba ààwẹ̀ kí òwò rẹ̀ lè dúró! Ló bá kúkú fi ojú mi jẹun."

"Ìwọ náà wá fi ohùn rẹ̀ jà."

Matilda kò sẹ́ ẹ. Ohùn tí Hope ń gbà ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp láti ọdún mélòó kan wá ló kó fún ẹ̀rọ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ tí kì í bi ènìyàn ní ìbéèrè. Ó kọ ọ̀rọ̀ tó mọ̀ pé òfin kò fẹ́. Lọ́jọ́ tí ṣọ́ọ̀bù kún, tí Hope gbé fóònù fún un dì mú, ó gbé fídíò náà sórí pèèjì.

"Mo kàn fẹ́ kí ìjọba wá ti ṣọ́ọ̀bù náà ni, mà. N kò rò pé ẹnì kan máa gbà á gbọ́."

"Ohùn ẹni tí wọ́n fọkàn tán lo lò. O sì ní kí wọ́n da oògùn nù." Bàrákàt kò gbé ohùn sókè. "Mo ti ọ̀dọ̀ ọmọ náà bọ̀. Ayọ̀ lorúkọ rẹ̀."

Ni Matilda bá bo ojú. Kò bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní kí Bàrákàt jẹ́ kí òun bọ́ sùtánà sílẹ̀ ná, pé òun kò lè wọ̀ ọ́ dé àgọ́ ọlọ́pàá.

* * *

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, nígbà tí Hope rí ẹni tí Ìnsípẹ́kítọ̀ Festus mú jókòó, ó kọ́kọ́ rò pé Matilda wá bá òun kẹ́dùn ni. Ó sáré lọ dì mọ́ ọn. Matilda kò gbé ọwọ́. Festus ló sọ ọ́ fún un, ó sì tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì kí ó tó wọ̀ ọ́ létí.

"Matilda? Ìwọ?" Ó fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri. "Ìwọ lo mú mi sun àgọ́ ọlọ́pàá? O tún wá gbàdúrà fún mi lọ́jọ́ Àìkú?"

"O mú ọmọ mi pàdánù ọkọ," ni Matilda wí. "Lọ́jọ́ Àìkú kan náà yẹn, ẹ̀gbẹ́ mi lo jókòó sí."

Hope fa Bàrákàt sí kọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti rí ẹni tó ṣe é. Ó tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ fọ́tò yẹn fún àwọn àjọ. Bí wọ́n bá gbọ́, wọn kò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù mi."

"O purọ́ fún mi, Hope. Ká ní o sọ òótọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, n kì bá tí máa da Promise àti Charles láàmú."

"Èmi ni mo gbé iṣẹ́ fún yín! Tèmi lẹ gbọ́dọ̀ ṣe!"

"O ní kí n wá bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Bó ṣe jẹ́ nìyẹn."

"Ẹ̀yin náà dà mí." Hope sọ ọ́ bí ẹni tí kò rò pé ó tún lè ṣẹlẹ̀ sí òun. Bàrákàt padà lọ jókòó níwájú Festus, ó ro gbogbo rẹ̀ pátá, àti ti ohùn àti ti ojú. Festus dá Hope sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ fídíò, ó sì dá Matilda dúró. Obìnrin kan tó wá ṣojú àjọ náà níbẹ̀ sọ pé ṣọ́ọ̀bù á wà ní títì títí Hope á fi yọ fọ́tò irọ́ náà, tí á sọ fún aráyé pé irọ́ ni, tí á sì kó gbogbo ìpolówó rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò, ìbáà jẹ́ ènìyàn ló kọ ọ́ tàbí ẹ̀rọ.

Hope yọ fọ́tò náà níbẹ̀, lójú gbogbo wọn. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Nígbà tí wọ́n jáde sí ìta, ó ti rìn síwájú díẹ̀ kí ó tó dúró. Kò wo Bàrákàt lójú.

"Egan lẹ̀ ń gbé, àbí? Ẹ mọ ilé bàbá Gideon?"

"Bàbá Zacchaeus la máa ń pè é. Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ mú mi dé ibẹ̀."

Ọkùnrin àgbàlagbà náà gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún wọn ní omi. Hope kò mu ún. Orí eékún ló wà nígbà tó ń sọ ọ́ pé òun ló purọ́, pé kò sí àpá lójú Matilda rí, pé kò sí àrùn kankan nínú ìdílé wọn, pé fọ́tò ni òun fi ẹ̀rọ bà jẹ́ nítorí ọjà. Bàbá náà fetí sílẹ̀ dé òpin. Ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ó gba ọkàn láti sọ irú èyí." Ó wo ilẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ pẹ́, ọmọ mi. A ti lọ tọrọ ọmọ ẹlòmíràn fún Gideon lóṣù tó kọjá. N kò lè fi ti ẹnì kan tún ti ẹlòmíràn ṣe."

Ẹnu géètì ni Hope wà nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ó wo orúkọ tó wà lójú rẹ̀. Àyìnkẹ́ ni.

"Àǹtí Hope, ẹ káalẹ́ mà. Ẹ má bínú o, mo ti ń pe màámi, wọn kò gbé e. Ṣé ẹ jọ wà ni?"

Hope wo Bàrákàt.

"Àyìnkẹ́," ni Hope wí, "ṣé ilé lo wà? Dúró níbẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ fún ọ ṣáájú mi, má wo fóònù. Mo ń bọ̀ wá bá ọ."